Ismaheel Fọ́rẹ́sì àti Pupa Tí Wọ́n Fi Ta Ásẹ́nà Lọ́rẹ

Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo gáréèjì Ìsẹ́yìn ló mọ ìtàn náà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan láti Ìwéré-Ilé já àpò èédú sílẹ̀, wọ́n ń wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹnì kan rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókèèrè, ó fi gbogbo ẹnu kígbe pé, "Fọ́rẹ́sì! Fọ́rẹ́sì ti dé o!" Kí ó tó pa ẹnu dé, àwọn elédùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Lẹ́nu àwọn tó ń sun èédú ní Òkè-Ògùn, fọ́rẹ́sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó, ẹni tó ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó gégi. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè kò ṣọ́ igbó rí láyé rẹ̀. Ó gbé àpò èédú kan lé èjìká, ó ń sá tẹ̀lé wọn: "Ẹ dúró! Ẹ̀yin ará, ẹrù yín rèé!" Bí ó ti ń pariwo ni wọ́n ń fi kún eré.

Àwọn kan ní ó lé wọn dé ìta ìlú. Ismaheel fúnra rẹ̀ ní irọ́ ni. "Àpò èédú kì í ṣe ewé. Ta ló lè gbé e sáré? Mo jókòó tì í ni, títí ọ̀kan nínú wọn fi yọjú láti ẹ̀yìn ilé epo, tó ní kí n ṣàánú òun, pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

Ismaheel Àkànní jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ahunṣọ ni, ọmọ ahunṣọ ni, ní Ìsàlẹ̀-Ọjà, Ìsẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù tó gbá kò kọjá ìta ilé baba rẹ̀. Kò dé Ìlú Ọba rí, Ìbàdàn gan-an, tipátipá ló fi ń lọ. Síbẹ̀, Fọ́rẹ́sì ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí Nọ́tínhámù Fọ́rẹ́sì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1865. Nígbà tí Ismaheel wà lọ́mọdé, ẹgbẹ́ náà gba ife ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ní 1979 àti 1980. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan dojú rú. Ní 1999 wọ́n já bọ́ kúrò ní líìgì àgbà, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mẹ́tàlélógún kí wọ́n tó padà. Fún gbogbo ọdún yẹn, kò sí ẹni tó rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàárín ìgbà náà gbà pé Ismaheel ló fi orí ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, kí ó má baà dá sí ìjà Ásẹ́nà àti Ṣẹ́lísì.

Aṣọ kan wà tó fi ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Jẹ́sì Fọ́rẹ́sì tó ti pẹ́ ni, pupa rẹ̀ ti ń ṣí lọ sí àwọ̀ ilẹ̀ Òkè-Ògùn lẹ́yìn òjò. Apá òsì rẹ̀ jẹ́ ti òyìnbó. Apá ọ̀tún jẹ́ aṣọ òfì, àlàárì gidi, tí wọ́n hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì rán pọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè apá náà, kì í dáhùn tààrà. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé: "Ẹ̀yin olólùfẹ́ Ásẹ́nà, ẹ máa kí mi dáadáa. Pupa tí ẹ ń wọ̀ yẹn, àwa la fi ta yín lọ́rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí Fọ́rẹ́sì àti Ásẹ́nà fẹ́ pàdé. Success, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ismaheel ti ń hunṣọ, wá dúró síwájú òfì rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọmọ Ásẹ́nà paraku ni Success. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún tẹ̀lé e.

"Bàbá Fọ́rẹ́sì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oo. Ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ wá dúpẹ́ aṣọ ni?"

"Aṣọ wo, Bàbá? Ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lónìí. Ásẹ́nà! Ásẹ́nà odidi! Kí wọ́n wá tọrọ aṣọ lọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀?"

"Nígbà tí ẹ ń tọrọ, ta ló mọ ẹ̀yin náà?"

Àwọn tó wà lórí òfì tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun Success. "Ó dáa, Bàbá. Ta ló sọ fún yín?"

"Tíṣà ló sọ fún mi."

"Tíṣà! Tíṣà mi náà sọ fún mi pé tí mo bá gbé kóró ọsàn mì, igi á hù lórí mi. Ẹ wo orí mi, Bàbá. Ẹ bá mi ká ọsàn."

Ẹ̀rín yí padà. Ismaheel gbé ọ̀kọ̀ tó fi ń hunṣọ sílẹ̀. Inú ń bí i, ẹni tí inú bá sì ń bí, ẹnu rẹ̀ a máa ṣáájú èrò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ wádìí. Bó bá jẹ́ òótọ́, lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo ọmọ Ásẹ́nà tó bá wà ní ilé ìwòran dìde dúró kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dúpẹ́ aṣọ. Bó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?

"A máa fi jẹ́sì yẹn ṣe ìnusẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà," ni Success wí.

"Ẹ fi ṣe é," ni Ismaheel dáhùn.

Bí wọ́n ti lọ tán, kò lè hunṣọ mọ́. Òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, nǹkan tí kì í ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pàápàá. Ohun tí Success kò mọ̀ ni pé Ismaheel kò wádìí ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló ti gbọ́ ọ, ní 1989. Sodiqat, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ní fóònù tó lè wá a fún un láti bí ọdún mẹ́fà. Ìgbà gbogbo tó bá ti ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ n wò ó," èsì kan náà ló ń fún un: "Fi í sílẹ̀." Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ìnusẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ irọ́, Tíṣà Ládòkun di òpùrọ́, a jẹ́ pé orí irọ́ ni Ismaheel kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìgbésí ayé rẹ̀ lé.

Bó ṣe rí nìyí.

Ní 1989, Ismaheel jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ó ń hunṣọ lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, ọmọ Àgọ́-Àrẹ tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn, gbé ẹrù kan wá, tí wọ́n fi bébà wé. Jẹ́sì pupa kan tó lápá gígùn ló wà nínú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Nọ́tínhámù ló fi ránṣẹ́. Pupa yẹn wu Tíṣà. Ó fẹ́ fìlà tí yóò bá a mu. Ó ní, "Tú u wò dáadáa, kí o hun fìlà tí àwọ̀ rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí i." Ló bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́nu tíṣà, "tú u wò" kò ju kí ènìyàn tú bébà, kí ó wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ahunṣọ ló gbọ́ ọ. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ahunṣọ ti máa ń tú aṣọ òkèèrè tí pupa rẹ̀ bá dára, tí wọ́n á sì fi òwú rẹ̀ hun tiwọn, nítorí pé irú pupa bẹ́ẹ̀ kì í ti inú aró wa jáde bọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un tó ìgbà mélòó kan. Ismaheel wá fa òwú kan ní ọrùn ọwọ́ jẹ́sì náà. Òwú náà tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti dé ìgúnpá. Nígbà tí wọ́n fi ń pe ìrun Àsárì, kò sí apá ọ̀tún mọ́. Ó ti ká gbogbo rẹ̀ sára igi, ó rí ṣìkìtì, inú rẹ̀ dùn.

Tíṣà dé. Ó gbé jẹ́sì náà sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ismaheel. Apá ọ̀tún dà?"

"Ó wà nínú òwú yìí, sà."

Ọ̀gá rẹ̀ ti ń wá ohun tí yóò fi nà án. Ismaheel dọ̀bálẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé àgbàdo. Tíṣà jókòó sórí àpótí, ó ní kí ó dìde. Ó ní ẹgbẹ́ tó ni aṣọ yìí, ìfúnni ló mọ̀. Ó ní lọ́dún 1886, nígbà tí Ásẹ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò ní aṣọ kan ṣoṣo, àwọn ará Fọ́rẹ́sì bọ́ tiwọn kúrò lọ́rùn lórí pápá, wọ́n kó o fún wọn, wọ́n sì rìn lọ sílé níhòòhò nínú òtútù.

"Wọ́n ti fún Ásẹ́nà," ni Tíṣà wí. "Ó kàn ọ́." Ló bá gbé jẹ́sì aláìlápá náà lé e lọ́wọ́.

Òwú tí ó tú yẹn ni Ismaheel dà pọ̀ mọ́ àlàárì, tó fi hun apá mìíràn. Ọ̀rọ̀ kò sì parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gba òmìnira iṣẹ́ ló ti ń ṣe ohun kan: ọmọ iṣẹ́ tó bá parí lọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ ahunṣọ èyíkéyìí ládùúgbò, yóò gba fìlà àlàárì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́. Tí wọ́n bá ń dúpẹ́, á ní, "Wọ́n ti fún mi. Ó kàn ọ́." Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ó ti tó àádọ́jọ fìlà. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Ìsàlẹ̀-Ọjà kọjá ní ọjọ́ Jímọ̀ yóò rí pupa yẹn lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kejì ló pe Sodiqat. Ó jókòó sórí àga pẹpẹ iwájú ilé, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú.

"Wò ó."

"Kí ni kí n wò, Bàbá mi?"

"O mọ̀ ọ́n."

Sodiqat wo ojú rẹ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tẹ fóònù. Nẹ́tíwọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Ó gbé fóònù sókè, ó bọ́ síta, ó padà wọlé, ó tún bọ́ síta. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ka ọ̀rọ̀ síta! Ṣé o fẹ́ kí àyà mi já ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá mi."

"Kà á."

Ó ń kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ń rọ ìbọn àti ọta. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1886. Nínú wọn ni àwọn kan ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fọ́rẹ́sì rí kí iṣẹ́ tó gbé wọn lọ síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ lẹ́tà sílé pé kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́. Fọ́rẹ́sì sì fi aṣọ pupa ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan. Láti ìgbà náà ni Ásẹ́nà ti ń wọ pupa. Apá funfun tó wà lára tiwọn, ní 1933 ni wọ́n fi kún un.

Ismaheel kò tíì rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀? Fọ́rẹ́sì ni?"

"Fọ́rẹ́sì kọ ọ́."

"Kò tó. Ẹni tó fúnni lè máa fi yangàn kọjá bó ṣe fúnni. Ẹni tó gbà á ńkọ́? Kí ni òun wí?"

Sodiqat tún wá a. Èyí pẹ́ díẹ̀. "Ásẹ́nà fúnra wọn kọ ọ́ nínú ìtàn tiwọn, Bàbá mi. Àwọn náà ní Fọ́rẹ́sì ló fún àwọn."

Nígbà náà ni Ismaheel tó mí. Ó ní, "Alhamdulilahi," ó tún un wí lẹ́ẹ̀kejì. Ó béèrè pé apá ibi tí wọ́n ti bọ́ aṣọ lọ́rùn lórí pápá ńkọ́, tí wọ́n rìn níhòòhò nínú òtútù?

"Ìyẹn ò sí níbí o. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn ni."

"Hẹn-ẹn. Tíṣà bu iyọ̀ sí i." Ẹ̀rín tó rín lọ́tẹ̀ yìí mú ìyàwó rẹ̀, Fàtímọ̀, jáde láti inú ilé ìdáná pé kí ló dé.

"Ó tún kù," ni Sodiqat wí. "Pupa náà kì í ṣe ti Fọ́rẹ́sì láti ilẹ̀ wá. Jagunjagun kan ní ilẹ̀ Ítálì ni òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń wọ ẹ̀wù pupa. Àwọn tó dá Fọ́rẹ́sì sílẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ni wọ́n fi ra fìlà pupa méjìlá."

"Fìlà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀?"

"Fìlà ni."

Ismaheel bọ́ fìlà àlàárì orí rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ jẹ́sì rẹ̀, ó lọ. Ilé ìwòran ti kún. Success dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì gbójú sókè wò ó. Ó hàn gbangba pé òun náà ti tẹ fóònù tirẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbọọrọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá Fọ́rẹ́sì, ẹ má bínú. Mo ti rí i." Ó bọ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ Ásẹ́nà, ẹ dìde!"

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dìde. Àwọn mẹ́ta lẹ́yìn pátápátá ní àwọn ò mọ ọ̀rọ̀ aṣọ kankan, pé bọ́ọ̀lù ni àwọn wá wò. Ẹnì kan nínú wọn pariwo pé, "Tí Fọ́rẹ́sì bá gbá góòlù sáwọ̀n wa lónìí, ẹ jẹ́ ká dá jẹ́sì wọn padà fún wọn!" Ṣùgbọ́n àwọn tó kù dìde, ọgbọ̀n ènìyàn ó lé, wọ́n sì fi ohùn kan wí pé, "Fọ́rẹ́sì, ẹ ṣé o!"

Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò pé yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Ìléyá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n jókòó. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi kọ́ ni mo fún yín. Èmi náà, gbígbà ni mo gbà á." Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń dán. Èsì bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òun àti Sodiqat wọ mọ́tò ọ̀nà Ṣakí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ. Ọdọọdún ló máa ń gbé ẹran Ìléyá lọ bá Tíṣà Ládòkun, ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, Tíṣà sì béèrè bóyá ẹnì kan kú. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó jókòó lábẹ́ igi kajú iwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣa kóró kajú tó dára kúrò nínú èyí tí kòkòrò ti jẹ, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ismaheel dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni, sà. Ó ní òun ti wádìí ọ̀rọ̀ Ásẹ́nà àti Fọ́rẹ́sì, òótọ́ sì ni. Ó ní láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, òun bẹ̀rù láti wádìí rẹ̀, kí Tíṣà dárí jì òun pé òun ṣiyèméjì.

Ọwọ́ Tíṣà dúró lórí kajú. "Òótọ́ ni?"

"Sà?"

"Mo ní, ṣé òótọ́ ni? Àwọn òyìnbó yẹn fún wọn láṣọ ní tòótọ́?"

Ismaheel wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, sà."

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Àbúrò mi ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà, nígbà tó fi jẹ́sì yẹn ránṣẹ́. Olúwatìmílẹ́yìn! Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó bá sọ, mẹ́jọ irọ́ ni. Mo fèsì padà fún un pé kó yéé pa irọ́ fún mi láti Ìlú Ọba. Ọjọ́ yẹn, mo rí bí o ṣe ń gbọ̀n, ọ̀gá rẹ sì ti gbé pàṣán. Mi ò rí nǹkan mìíràn tí mo lè sọ. Ni mo bá sọ ọ́."

"Ti pé wọ́n bọ́ra sílẹ̀ nínú òtútù ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn, tèmi ni." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, kò sì tijú.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Ismaheel fi ń ṣọ́ orúkọ ọkùnrin yìí, kí ó má baà di òpùrọ́, òun ẹni tó sọ ọ́ kò sì gbà á gbọ́. Ó yẹ kí ó dùn ún. Ó dúró dè é kí ó dùn ún, kò dùn ún. Ohun tó rí ni tíṣà kan tí wọ́n ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, tó ń wá ọ̀rọ̀ kíákíá tí yóò fi gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ pàṣán. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Ọpẹ́ ti wá pọ̀ ju èyí tí mo gbé wá lọ, sà."

"Dìde, jàre. Ọmọbìnrin, ìwọ lo ní fóònù? Kà á fún mi."

Sodiqat kà á. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ọmọ Fọ́rẹ́sì tó wà lájò kọ lẹ́tà sílé, Tíṣà na ọwọ́ sókè pé kí ó dúró, kí ó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Bàbá náà mi orí.

"Ọdún kẹtàlá rèé tí àbúrò mi ti kú," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tán láàárín wa. Ìsẹ́yìn lo ti gbé òótọ́ rẹ̀ wá fún mi, Ismaheel. O ṣé. O ṣé gan-an." Ó yí ojú sí ọ̀nà oko, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ lókèèrè níbẹ̀: "Tìmílẹ́yìn, má bínú. Ìwọ lo jàre."